Ìgbésí Ayé Màmá Ìpàdé, Ẹni Tí Ó Mú Kí Sátẹ́láìtì Méjì Wo Ilẹ̀ Kan Náà Lẹ́ẹ̀kan Náà

A bí ìyá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ìpàdé, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1954, nínú ilé alájà kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n láti ìhà bàbá, ọmọ-ọmọ agbẹ̀bí ni wọ́n sì jẹ́ láti ìhà ìyá. Aránṣọ ni ìyá wọn, aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n sì ń rán jù. Bàbá wọn ń tọ́jú àmì ojú irin. Ohun tí ìjọba ń tìtorí rẹ̀ san owó oṣù fún bàbá náà ni pé kí ọkọ̀ méjì má ṣe pàdé lórí irin kan. Màmá ni àkọ́bí wọn, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàrin ọmọ mẹ́rin.

Ẹbí kọ ìtàn yìí ní kíkún ju bí a ti máa ń kọ irú rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé mìíràn wà nípa ìyá wa, ní ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n ìwé náà sọ pé Màmá ni ó ṣe àṣìṣe tí omi fi bá igba ilé ó lé méjìlá lójijì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Màmá fẹ́ kí wọ́n tún un kọ kí àwọn tó fi ayé sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún un kọ.

Ní ọdún 1960, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1967, wọ́n wọ ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin, níbi tí orúkọ wọn ti kọ́kọ́ tàn. Olùkọ́ ìṣirò kọ ìbéèrè kan sára pátákó: ọkọ̀ ojú irin kan gbéra láti ìlú kìíní, òmíràn gbéra láti ìlú kejì, irin kan náà ni wọ́n ń tọ̀, aago mélòó ni wọn yóò pàdé? Màmá na ọwọ́.

"Wọn ò gbọdọ̀ pàdé, sà. Bàbá mi ò ní gbà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ ní kí wọ́n dìde dúró kí wọ́n dáhùn ohun tí a bi wọ́n.

"Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, sà. Tí bàbá mi bá sùn lọ."

Ìdáhùn náà tọ̀nà. Olùkọ́ yìí kan náà ni ó wá sí ilé aránṣọ náà ní ọdún 1972 láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ọmọ náà sẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó jókòó fún wákàtí méjì gbáko, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ìyá àgbà fi gbà. Màmá wọ yunifásítì ní ọdún 1973, wọ́n sì gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1977, obìnrin kan ṣoṣo láàrin akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún.

Ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ tí ń wọn ilẹ̀ gbà wọ́n síṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn, tí Màmá sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí àkókò ìbẹ̀wò ti parí. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Màmá wo aago ara ògiri, wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé aago náà fi ìṣẹ́jú mẹ́fà yá ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà ìṣẹ́jú méjì ṣì kù fún àwọn. Nọ́ọ̀sì náà wo aago ọwọ́ tirẹ̀, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣílẹ̀kùn. Òun àti Màmá ṣe ìgbéyàwó ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1980. Bàbá wa a máa sọ fún àlejò pé, "Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo fún un, ó sọ ọ́ di gbogbo ayé mi." Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Nítorí pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì kì í sùn, ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí Màmá fi ń ṣètò wákàtí tí gbogbo ìdílé yóò jọ wà nílé. Bí ó ti wù kí ó kéré tó, a kò rí ọ̀sẹ̀ kan tí wákàtí yẹn kò sí.

Ní ọdún 1989, wọ́n gbé Màmá lọ sí ibùdó tuntun tí a kọ́ láti máa darí sátẹ́láìtì. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni, tábìlì mẹ́fà, ìlà aago mẹ́rin lára ògiri, àti ẹ̀rọ amúlétutù tí ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ayé wọn wà, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ènìyàn púpọ̀ tí ó kí wọn kú iṣẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń kí wọn fún.

Sátẹ́láìtì méjì ni ibùdó náà ní. Èyí tí ó kọ́kọ́ gòkè, ní ọdún 1994, ni Màmá sọ ní Ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà ni ó gbé: ó ń rí àwọ̀ ilẹ̀, ewé àti omi, ṣùgbọ́n bí ìkúukùu bá bo ojú ọjọ́, ìkúukùu nìkan ni yóò rí. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, ní ọdún 1996, ni Àbúrò. Rédà ni tirẹ̀: ó ń ríran gba inú ìkúukùu kọjá, ṣùgbọ́n kò mọ àwọ̀, omi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ àti ọ̀nà tí a da ọ̀dà sí kò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kò rí ni èkejì ń rí. Kí àwòrán méjèèjì tó lè di ẹ̀rí kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ibì kan náà ní àkókò kan náà. Omi odò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan: ayé ń yí lábẹ́ wọn, bí èkejì bá fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá pẹ́, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó wò ti fi nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ Màmá ni láti rí i pé Àbúrò ń tọ ipa ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n, kí àlàfo tí ó wà láàrin wọn má ṣe ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà lókè níbẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń fa ọ̀kan ju èkejì lọ, nítorí náà àlàfo náà kì í dúró. Màmá ló ń ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ló sì ń kọ ìwé àṣẹ tí a fi ń ti Àbúrò sí ipò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jẹ́ Màmá Ìpàdé nìyẹn. Àlejò tí kò mọ̀dí orúkọ náà a rò pé wọ́n fẹ́ràn ìpàdé ọ́fíìsì. Wọ́n kórìíra rẹ̀ dé góńgó.

Àwọn náà ni wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀ ní ibùdó yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àṣẹ ránṣẹ́ sókè láìjẹ́ pé ènìyàn méjì jókòó kọjú sí ara wọn. Èkíní yóò máa ka ìwé àṣẹ jáde, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dáhùn pé "Mo gbọ́" bí ohun tí ó gbọ́ bá bá ohun tí ó rí mu. Bí kò bá mu, yóò sọ pé "Dúró." Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé "Dúró," ìbáà jẹ́ ẹni tí ń gbálẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn títí a ó fi wádìí. Fún ọdún márùn-ún, àṣẹ kan kò ṣì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọ̀gá àgbà tuntun dé. Ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ti wá, wọ́n sì sọ pé ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, Màmá sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé àlàfo ti ń gbòòrò, pé ó yẹ kí a ti Àbúrò. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó ní kí wọ́n dúró de àwọn àlejò pàtàkì tí ń bọ̀ wá wòran. Àwọn àlejò náà kò wá. Àlàfo di ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà, bàbá wa kú lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ọ̀fọ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Màmá lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n kọ ìwé àṣẹ náà pẹ̀lú bírò búlúù, wọ́n fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì, wọ́n sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ó wà lọ́wọ́ wa. Ìlà kẹrin rẹ̀ sọ pé kí ẹ́ńjìnnì Àbúrò fẹ́ síwájú, kí ó lè dẹ eré rẹ̀.

Ó ya ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu pé kí a ní kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn dẹ eré kí ó lè bá ti iwájú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí lókè ọ̀run. Ohun tí ó bá dẹ eré díẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà tí yóò rìn yí ayé ká á kúrú, á sì tètè dé. Èyí tí a bá tì síwájú á gòkè sí i, ọ̀nà rẹ̀ á gùn, á sì máa pẹ́ sí i. Inú ìwé tí a ń kà ní ọdún kìíní iṣẹ́ náà ni èyí wà.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a sin bàbá wa. Ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní ibùdó, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ jókòó sí àga ẹni tí ń dáhùn. Ẹni tí ó kọjú sí i láti ka ìwé àṣẹ ni òṣìṣẹ́ kan tí gbogbo ibùdó ń pè ní Rédíò nítorí ohùn rẹ̀ tí ń la ògiri kọjá. Ohun tí wọ́n sọ, Rédíò fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

"Ta ló kọ ìlà kẹrin yìí?" ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó wà lẹ́yìn, tó fẹ́ lé ẹni iwájú bá, ẹ ní kó tẹ búrékì? Ṣé ọ̀fọ̀ ọkọ ti da orí obìnrin yìí rú ni?"

"Ọ̀gá, bóyá ká pè wọ́n lórí fóònù."

"Níbi ìsìnkú? Ìwọ ò nítìjú?"

Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà gba orí "síwájú," ó sì kọ "sẹ́yìn" sókè rẹ̀. Ó ní kí Rédíò kà á bí òun ti kọ ọ́. Rédíò kà á. Ọ̀gá dáhùn pé, "Mo gbọ́." Ẹlòmíràn mẹ́rin wà nínú yàrá náà. Kò sí ẹni tí ó sọ pé "Dúró."

Láti ọjọ́ náà, àlàfo ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá pọ̀ sí i lójúmọ́. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ènìyàn ní yàrá náà ti rí i. Ọ̀gá sọ pé ẹ̀rọ ni, pé yóò padà fúnra rẹ̀, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yọ opó lẹ́nu. Ní ọjọ́ keje oṣù keje, òjò ńlá rọ̀ sí àfonífojì kan ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀gbọ́n kọjá lórí rẹ̀, ìkúukùu ni ó rí. Àbúrò, tí ó yẹ kí ó rí omi gba inú ìkúukùu náà, dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ààbọ̀, ilẹ̀ mìíràn ni ó sì wò. Àwòrán ilẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ará àfonífojì fi hàn pé odò kò tíì kún. Ìṣọ́ wọn dẹ̀. Omi wọ ilé igba ó lé méjìlá. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ṣùgbọ́n ìdílé tí omi lé jáde kò padà sílé fún oṣù mẹ́jọ.

Màmá padà síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Wọn kò tíì gbé báàgì kúrò léjìká tí wọ́n fi wo ara ògiri, níbi tí a ń kọ àlàfo ojoojúmọ́ sí.

"Ta ló tì í?"

Rédíò ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá jáde láti inú yàrá rẹ̀, ó kí wọn kú àfẹ́kù, ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tí a bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe."

Wọ́n lọ síbi fáìlì. Ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Màmá ti fáìlì náà pa, wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n sì jókòó láti ṣiṣẹ́, nítorí pé òjò ṣì ń bọ̀.

Epo tí ó kù nínú Àbúrò kò tó láti fi agbára dá a padà, kí ó sì tún ṣẹ́ kù fún ọdún tí ń bọ̀. Màmá ronú fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, wọ́n kọ àṣẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí ní ibùdó náà: kí a yí Àbúrò padà kí apá rẹ̀ tí ń gba ìtànṣán oòrùn dojú kọ afẹ́fẹ́ tín-ínrín tí ó wà lókè, bí ẹni tí ó la agbòòrùn sójú ìjì, kí afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, Màmá ń wá ṣírò rẹ̀ ní àràárọ̀, Ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú. Wọn kò lo epo tí ó kún ṣíbí kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án, àlàfo náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì. Yàrá pariwo ayọ̀. Màmá tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ogójì ni mo wí," ni wọ́n sọ. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, tèmi ni."

Láti ọjọ́ náà títí di ọdún 2010 tí Ẹ̀gbọ́n fi dákẹ́, àwọn méjèèjì jọ ń wo ilẹ̀ papọ̀. Nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìgbà mẹ́rìndínlógún ni àwọn ará àfonífojì náà gbọ́ kí omi tó dé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, ìròyìn ìwádìí jáde. Ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n sọ pé: "Àṣìṣe náà wá láti ọwọ́ oníṣirò, ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò náà." Àwọn tí ó kọ ọ́ kò pe Màmá láti bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ní ọdún 2002, a fi àmì ẹ̀yẹ dá ọ̀gá àgbà lọ́lá fún bí ibùdó ṣe dá Àbúrò padà láìlo epo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́. Kò dárúkọ ẹnìkan.

Láti ọdún 2001 sí ọdún 2013, Màmá kọ lẹ́tà kan lọ́dọọdún, lẹ́tà mẹ́tàlá lápapọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí ó wà nílé sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èsì mẹ́sàn-án ni wọ́n rí gbà. Gbólóhùn kan náà ni ó wà nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán: "A ti gba lẹ́tà yín, a sì ń gbé e yẹ̀ wò." Ní ọdún 2014, nígbà tí ìfẹ̀yìntì wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìwé kan wá. Bí Màmá bá fọwọ́ sí i pé àṣìṣe náà jẹ́ ti gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn pẹ̀lú, a ó ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún wọn, a ó sì fi orúkọ wọn pe yàrá ìdarí. Màmá dá ìwé náà padà. Wọ́n kọ èsì sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Ní ọjọ́ náà, ibi ìsìnkú ọkọ mi ni mo wà. Sátẹ́láìtì ni mo mọ̀ bí a ti ń mú wà papọ̀. Èmi fúnra mi kò lè wà níbi méjì." Wọ́n fẹ̀yìn tì ní Ọjọ́ Ẹtì kan láìsí ayẹyẹ. Wọ́n gbé ife tíì wọn àti ìrọ̀rí ẹ̀yìn àga wọn sínú àpò, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì wálé.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá dúró ṣinṣin. Ìjókòó kan náà ni wọ́n ń jókòó sí ní ilé ìsìn fún ọgbọ̀n ọdún. Olùṣọ́-àgùntàn wa jẹ́rìí pé wọ́n máa ń dì mọ́ òun lẹ́yìn ìsìn, tí wọn yóò sì sọ fún òun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìwàásù dára gan-an, Pásítọ̀. Ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́ ni mo ń sọ." Ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n parí ìjà tí ìdílé mẹ́rìndínlógún inú ilé wa ń jà nítorí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ṣoṣo. Wọ́n ya àtẹ kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ìjà sì tán. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò ráàyè parí ilé-ìwé ní ìṣirò ní yàrá ìgbàlejò wa. Ènìyàn mọ́kànléláàádọ́ta ni ó ti ibẹ̀ yege ìdánwò. Màmá kì í sọ̀rọ̀ ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n fún wọn. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ pé, "Màmá, ẹ̀rọ ìṣirò yìí ló ṣì í," gbogbo wa nínú ilé mọ̀ pé kí a yáa kúrò nítòsí.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dé sí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún oṣù kẹwàá, àlejò kan kanlẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun, fìlà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Ó béèrè Màmá lọ́wọ́ ọmọ wọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà.

"Jẹ́ kó wọlé," ni Màmá wí láti orí ibùsùn. "Ohùn rẹ̀ ti wọlé tipẹ́."

Rédíò ni. Ó dúró sẹ́bàá ibùsùn, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Màmá, ó yẹ kí n ti sọ pé 'Dúró.'"

"Ó yẹ kí o ti sọ ọ́."

"Ọmọ kékeré mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi nígbà náà, Màmá. Wọn ì bá lé mi."

"Mo mọ̀. Mẹ́ta ló wà lọ́rùn tèmi náà. Bàbá wọn ni a ń sin lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà ń nu ojú. Màmá ní kí a tún ìrọ̀rí ṣe sẹ́yìn àwọn.

"Àbúrò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ààbọ̀ pẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwọ fi ọdún mẹ́tàlélógún pẹ́. Jókòó, jàre. Ẹ fún un ní bírò."

Ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà Màmá ní kí ó kà á jáde, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dáhùn pé, "Mo gbọ́." Ní ìlà kọkànlá, Rédíò kà pé, "Ọ̀gá burúkú yẹn sì mú bírò pupa."

"Dúró," ni Màmá wí. "Yọ 'burúkú' kúrò. A ò wọn ìyẹn."

Ó yọ ọ́. Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ wọn obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa pé àwọn ti gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń béèrè ní àràárọ̀ bóyá lẹ́tà dé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní aago méje òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Màmá sùn nínú Olúwa, ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti béèrè ní àárọ̀ náà. A ti sọ fún wọn pé kò tíì dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ilé-iṣẹ́ náà fóònù. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kí wa dáadáa, ó sì bá wa kẹ́dùn. Ó ní àwọn aláṣẹ ti ka ìwé Rédíò, wọn kò sì jiyàn rẹ̀. Wọ́n ṣe tán láti tún ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n kọ láàrin ọdún tí ń bọ̀, bí ẹbí bá lè gbà láti má ṣe mẹ́nu kan ọ̀gá àgbà àtijọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé tí a ó tẹ̀ fún ìsìnkú. Bàbá náà ti dàgbà, ni ó wí, ara rẹ̀ kò sì le.

A jókòó yí tábìlì ká ní yàrá tí Màmá ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Atẹ̀wé ti fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé òun ń dúró de ìwé wa. Àkọ́bí wọn ọkùnrin, ẹni tí kì í fẹ́ ìjà, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá ti sùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ látọjọ́ yìí nìyí. Ẹ jẹ́ ká gbà, kó tán."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wí, "bí a bá yọ ọ́ kúrò, a jẹ́ pé àwa náà ti fọwọ́ sí ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n nìyẹn."

"Mi ò sọ pé ká parọ́."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn náà, wọn ò parọ́. Wọ́n kàn dákẹ́ ni."

Àkọ́bí na ọwọ́ gba fóònù, ó pe ẹni náà padà, ó sì sọ pé, "Ẹ ṣeun fún ìkẹ́dùn yín. Bí Màmá bá yẹ fún àtúnṣe náà, ẹ ṣe é. Bí wọn kò bá yẹ, ẹ fi sílẹ̀. Àwa kò ní ohun kan láti fi pààrọ̀ rẹ̀." Ó pe atẹ̀wé tẹ̀ lé e. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí ni ohun tí a fi ránṣẹ́ sí i, kò sì sí ìlà kan tí a yọ.

Àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà wà láàrin wa lónìí. A ti fi àga sílẹ̀ fún wọn ní ìlà kẹta. A bẹ gbogbo ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ pé kí wọ́n kí wọn bí ó ti yẹ kí a kí àlejò, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bú wọn. Ohun tí ẹbí ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò ju gbólóhùn kan lọ, ní ojú ìwé kan.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ láyé ni: àbúrò ọkùnrin méjì, ọ̀kan awakọ̀ ojú irin tí ó ti fẹ̀yìn tì, èkejì aránṣọ, ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí ọkùnrin tí ó jẹ́ apòògùn, ọmọ obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́, àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin tí ó jẹ́ káfíńtà, ìyàwó ọmọ méjì àti ọkọ ọmọ kan, ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí àgbà wọn gboyè jáde ní yunifásítì ní ọdún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́kànléláàádọ́ta, àti ìdílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a jọ ń gbé inú ilé kan.

Kí Ọlọ́run tu gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ yìí kàn nínú, kí ó sì mú olúkúlùkù dé ilé láyọ̀. Ẹ sùn re o, Màmá wa. Ẹ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ọwọ́ yín mọ́.